Ẹyẹ Tó Ń Sàba Lọ́nà Omifunfun

Ọ̀nà ọlọ́kọ̀ gẹdú tó ti Omifunfun wá sí Ore tọ́ gbọọrọ, àfi níbì kan. Níbẹ̀ ó ṣàdédé yà sápá òsì bí ẹni tó ń yẹra fún nǹkan, lẹ́yìn náà ó tún padà sójú ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí odò, kò sí àpáta. Bàbá àgbà mi ló mú kí ó yà. Ó sọ fún ẹni tó ń wa katapílà pé ẹyẹ ń sàba nínú igi tó wà níwájú rẹ̀. Irọ́ ni. Kò sí ẹyẹ tó ń sàba. Obìnrin kan ni wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ igi náà.

Jósáyà Akínfọlárìn lorúkọ bàbá àgbà mi, àgbẹ̀ kòkó ní Odigbo. Ó kú lóṣù tó kọjá, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ṣẹlẹ̀ ní ìparí òjò ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn nígbà náà, gbogbo ẹni tó rí náírà ló ń kọ́lé, pákó kò sì tó wọn kọ́ ọ. Àwọn onígẹdú la ọ̀nà wọ inú igbó wa kí wọ́n lè rí igi kó jáde. Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà ti dúró níwájú katapílà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́yẹ.

A kò tíì ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tí a sin ín tí àwọn awọnlẹ̀ fi dé. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà náà, kí wọ́n da ọ̀dà sí i, kí wọ́n sì tọ́ kọ́nà yẹn. Wọ́n ti ri èèkàn olórí pupa mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà dé òpin rẹ̀. Obìnrin tó wà nínú ilẹ̀ náà ní ọmọ kan tó ṣì wà láàyè. Ohun tí ọmọ yìí ń bèèrè kò pọ̀: kí katapílà má ṣe gba orí ìyá òun kọjá.

N kò fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá àgbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Dúpẹ́, ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ ọ́ dáadáa: pé ó gbin kòkó, pé ó kọ́ ọmọ mẹ́fà níwèé, pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ gba ewúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni ohun tí kò sí nínú ìwé ìsìnkú náà.

Gbogbo ọdún, tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà, tí lékèélékèé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé, bàbá àgbà a máa lọ wo ẹyẹ ní ọ̀nà Omifunfun. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í mú àgbàlagbà dání. Ọmọ-ọmọ kan ló máa ń mú lọ, wọ́n á sì máa yí i ká láàrin wa lọ́dọọdún bí ẹ̀bùn. Bàbá mi bi í nígbà kan pé kí ló dé tí òun kò lè tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà dáhùn pé, “Ọmọdé á máa wo ẹyẹ. Ìwọ á máa wo ojú mi.”

Ó kàn mí nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti pé ọdún mẹ́ta. Bàbá mi gbé Pijó tuntun wá láti Àkúrẹ́, ó ń dán bí epo, ó sì ní òun fẹ́ gbé wa lọ.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé yín. Kí la ra mọ́tò fún?”

“Ẹyẹ wo lo mọ̀ tó rí mọ́tò tó dúró dè é?”

“Màá pa á síbi tó jìn.”

“Pa á síwájú ilé, kí àwọn èèyàn lè rí i. Ṣebí torí ẹ̀ lo ṣe rà á.”

Ìyá mi sá wọ ilé kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nu eruku tí kò sí lára mọ́tò náà.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé wa dé oríta, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Yétúndé lorúkọ mi. Torí pé wọ́n bí mi lẹ́yìn ikú ìyá bàbá àgbà, “Ìyá mi” ló máa ń pè mí, ó sì máa ń fi pa mí lẹ́rìn-ín: “Ìyá mi, ẹ rọra rìn o, ọmọ yín ti ń dàgbà.” Ó gbé agbòòrùn, mo gbé bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà tí a pọ́n sínú ewé. Àpò kékeré kan wà léjìká rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n bá a gbé.

Ó kọ́kọ́ fi àwọn ẹ̀gà hàn mí lórí ọ̀pẹ kan. Wọ́n ti tú ọ̀pẹ náà níhòòhò, ìtẹ́ wọn ń fì ní gbogbo apá rẹ̀, ariwo wọn sì lè di èèyàn létí. Ó ní, “Wò wọ́n. Ìpàdé ẹbí wa gan-an nìyí. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.” Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àlùkò, kì í fi ìka nàka sí ẹyẹ. Ó dá mi dúró kí n gbọ́ àkókó tó ń gbẹ́ igi. Ó fi hàn mí bí ẹlúùlú ṣe ń rìn nínú koríko bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń wá.

Nígbà tí lékèélékèé kọjá lókè, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí wọn, bí gbogbo ọmọdé ti í ṣe, pé kí wọ́n fún mi ní èékánná funfun. Bàbá àgbà náà na ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ó wo èékánná rẹ̀ tí oje kòkó ti sọ di dúdú, ó wò ó pẹ́, ó sì ní, “Tèmi ti kọjá ohun tí wọ́n lè fọ̀.”

A dé kọ́nà náà nígbà tí oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí. Igi afárá ńlá kan wà níbẹ̀ nígbà náà, ìjì ti wó o báyìí. Bàbá àgbà ṣí fìlà rẹ̀. Ó kọjú sí igbó, ó ní, “Ẹ kú ilé o.”

Kò sí ilé níbẹ̀.

“Bàbá, ta lẹ ń kí?”

“Onílé.”

“Àwọn ẹyẹ ni?”

“Bí o bá ti rí i.”

Ó tú àpò rẹ̀. Àgbàdo ló wà nínú rẹ̀. N kò rò pé nǹkan kan wà nínú ìyẹn, ó ṣáà wá wo ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kò da àgbàdo náà sídìí igi. Ó rìn kúrò lára igi díẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó sì da á nílà kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀, láti ibì kan dé ibì kan. Ìlà náà kò gùn ju èèyàn tó dùbúlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà a jókòó sí òdìkejì ọ̀nà. Àwọn àdàbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tò lórí ìlà náà, orí wọn ń lọ sókè ń lọ sílẹ̀. Mo ń kà wọ́n. Ó di lónìí, bí mo bá rí àdàbà tó ń jẹ nílẹ̀, ìlà yẹn ni mo máa ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní kó fi ìtẹ́ àtíòro hàn mí. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà nílé: pé àtíòro, ẹyẹ ẹlẹ́nu ńlá yẹn, ló ń sàba nínú ihò igi afárá, pé abo rẹ̀ ti wọ inú ihò, wọ́n ti fi ẹrẹ̀ dí i mọ́bẹ̀, akọ sì ń fi oúnjẹ bọ́ ọ láti ojú ihò tóóró, pé bí wọ́n bá gé igi náà, ìyá àtọmọ ló máa kú, pé bàbá àgbà ló gbà wọ́n là.

Ó ń já èèpo bọ̀ọ̀lì. Ó ní, “Àtíòro kì í sàba nínú Ọ̀wàrà, Ìyá mi. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé egungun ẹja ló há a lọ́fun, mo sì rántí pé a kò jẹ ẹja. Kowéè ké nínú igbó, lọ́sàn-án gangan, lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá àgbà kò gbójú sókè. Ó ní, “Má dá a lóhùn. Kì í ṣe ìwọ ló ń pè.”

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ìròyìn. Mo ti bi mínísítà léèrè ohun tí kò fẹ́ dáhùn, mo ti bi olè. Oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n la ọ̀nà náà, gbogbo ilé ló mọ̀. N kò bi bàbá àgbà mi léèrè ẹyẹ wo ló ń sàba nínú Ọ̀wàrà ọdún náà.

Kì í ṣe oníjà, ṣùgbọ́n bí ó bá jà, a máa jà títí. Ó bá ọdẹ kan jà torí òrofó méjì tí ọdẹ náà yìn lulẹ̀ nítòsí kọ́nà yẹn. Ó gba òkú ẹyẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sin wọ́n. Ọdẹ náà ń pariwo kiri Odigbo pé Bàbá Ẹlẹ́yẹ ti sin ọbẹ̀ òun. Ó bá pásítọ̀ jà nígbà tí pásítọ̀ ní ṣíṣí fìlà fún igbó dà bí ìbọ̀rìṣà. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi dá a lóhùn, bó ti máa ń ṣe bí inú bá ń bí i. Bí a bá fi Yorùbá tí gbogbo wa ń kà kọ ọ́, ohun tó sọ ni pé, “Ìwọ náà máa ń ṣí fìlà fún ẹni tí o kò rí.”

Ibì kan ni kì í ti í jà: ìpàdé ẹbí. Àǹtí Dúpẹ́, tó máa ń gbé oúnjẹ fún wọn nígbà náà, ló sọ fún mi. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, kò ní í jẹ́ kí ìpàdé tú láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. ‘Bàbá Ẹlẹ́yẹ, ẹyin tiyín ti pa? Ṣé ọmọ ẹyẹ yín ti wọ ilé-ìwé?’ Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, á tiẹ̀ fi tirẹ̀ kún un. Tó bá délé, kò ní í jẹun. Mo ní, ‘Bàbá, ẹ dá wọn lóhùn.’ Ó ní, ‘Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń ṣọ́ ibẹ̀.’”

Èmi àti Àǹtí Dúpẹ́ kò mọ ohun tí ẹ̀rín ń ṣọ́, títí bàbá àgbà fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, obìnrin kan dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó fi ìbòrí bo orí, kò jókòó, kò jẹ, kò mu. Nígbà tí mo gbé omi lọ fún un, ó ní, “Ṣé ìwọ wà lára àwọn tó máa ń mú lọ wo ẹyẹ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n wá kí òun ní Àgọ́ Aláyè.

Rábíátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Kúnlé ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀, Sálámì, wá láti ìhà Ọ̀ṣun, ó sì ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá àgbà mi. Ohun tó sọ fún mi nìyí, mo sì kọ ọ́ bó ti sọ ọ́.

“Ibà ló pa ìyá mi. Asímáwù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Òjò ti gbé afárá orí odò lọ, odò kún, a kò lè gbé òkú kọjá. Mùsùlùmí sì ni wá, òkú kì í dúró. Bàbá mi lọ kúnlẹ̀ fún bàbá yín.”

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ wa lè má mọ ìdí tó fi ní láti kúnlẹ̀. Àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin iṣu, ó lè tọ́jú kòkó. Kò lè sin òkú. Níbi tí òkú ẹni bá wà, ilẹ̀ ẹni ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rò ó. Onílẹ̀ tó bá gba àlejò láyè kó sin òkú, lójú ẹbí, ó ti dà wọ́n.

“Bàbá yín gbà,” ni Ìyá Kúnlé wí. “Òun àti bàbá mi ló gbẹ́ ilẹ̀ náà, nínú òjò. Ó ní kí a má mọ òkìtì, kí a má gbin nǹkan kan, kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ láti dúpẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn onígẹdú dé.”

Ọ̀gá onígẹdú pe ẹbí jọ. Ó bi wọ́n bóyá ojúbọ tàbí sàréè wà lójú ibi tí ọ̀nà máa gbà, kí wọ́n lè yà fún un. Apá ilẹ̀ bàbá àgbà ni, nítorí náà gbogbo ojú yí sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Sálámì náà wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àdá rẹ̀.

“Bàbá yín wo bàbá mi,” ni Ìyá Kúnlé wí. “Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, ‘Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.’”

Ọjọ́ kejì ni katapílà dé. Ìyá Kúnlé ní òun àti bàbá òun wà ní ẹ̀bá igbó, wọn kò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìgbà tí katapílà fẹ́ dé ibi igi afárá, bàbá àgbà sáré jáde láti inú oko, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ náà kì í ṣe ọmọ ibí. Ó ń pariwo, “Bàbá, kọmọ́tù fọ́ ródù!” pé kó kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà dé. Àwọn ẹbí dé. Wọ́n ní kí ló dé. Ó sì ku kí ó sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé àtíòro ń sàba nínú igi náà, àti pé èèwọ̀ ni fún òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ mi orí, ó yí katapílà sápá òsì, ó sì lọ yí po.

Mo ní, “Nígbà náà, ó gba ibẹ̀ là, mà.”

Ìyá Kúnlé wò mí. Ó ní, “Bàbá mi lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo tẹ̀ lé e. Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, ‘Ẹyẹ lẹ dárúkọ, Bàbá. Ẹ ò dárúkọ Asímáwù.’ Kí kòkó tó pọ́n, a ti kó lọ.”

Bàbá àgbà àti Sálámì kò tún fojú kan ara wọn mọ́ títí Sálámì fi kú. Ìyá Kúnlé gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún kan nínú Ọ̀wàrà, ó bá ẹyọ àgbàdo nílẹ̀. Ó mọ ẹni tó dà á. Ó ní òun ṣa ọ̀kan, òun sì ju ú nù. “Mi ò tíì dárí jì í lọ́dún yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti dárí jì í báyìí. Mo wá sí ìsìnkú rẹ̀ kí n lè mọ̀.”

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ayé bàbá àgbà nìyí: ó parọ́ kan, ó sì fi ọdún tó lé ní ogójì gbé inú irọ́ náà bí ẹni ń gbé ilé. Torí pé ó ti pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́yẹ, ó di ẹlẹ́yẹ lóòótọ́. Kò sí ẹyẹ tí kò mọ ohùn rẹ̀ láti Odigbo dé Ajue. Àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé-ìwé wá bá a. Ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ sí wọn kì í ṣe ẹ̀tàn. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ hù jáde lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò lè sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín mọ́. Kò tún sọ ọ́.

Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i, kò lè rìn mọ́. Ó bi mí, “Ìyá mi, ṣé kọ́nà yẹn ṣì wà?” Mo ní ó wà. Ó ní, “Wọ́n ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Tèmi, ìdákẹ́ ni.” Mo rò pé ó ń sọ̀rọ̀ etí rẹ̀ tó ti di. Mo gbé ẹnu sún mọ́ ọn, mo sì ń pariwo.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ẹbí. Bọ̀dá Akin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà, ni olórí ẹbí báyìí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ọmọ wa ni ọ́, Yétúndé, ìwé rẹ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní sàréè àlejò wà lórí ilẹ̀ wa, lọ́la ni wọn á gbé àga wá jókòó tì í.”

Àǹtí Dúpẹ́ ní, “Àga wo? Obìnrin náà ti dùbúlẹ̀ láti ogójì ọdún ó lé, ṣé ó ti bi ọ́ léèrè ìrọ̀rí rí?”

“Àǹtí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ẹ̀rí dà? Bàbá fúnra wọn sọ lójú gbogbo ayé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Mo ní mo rí ibi tí ó da àgbàdo sí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. A kò fẹnu kò. Ìyá Kúnlé ti rán mi níṣẹ́ sí wọn, mo sì jẹ́ ẹ kí n tó dìde: “Mi ò fẹ́ ilẹ̀. Àyè tí èèyàn kan fi ń dùbúlẹ̀ ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ní Ore. Ó ní sàréè kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn. Ó ní bí ọ̀kan bá wà, àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn á sì jẹ́ kí ọ̀nà yà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ àlejò nìkan kò tó àwọn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá, kó dúró sójú ibẹ̀ gan-an, kó pe orúkọ òkú sókè lójú ẹbí rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé. Mo bi í bóyá ẹnì kan péré tó. Ó ní ó tó. Mo ní èmi ni màá wá. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó ní kí n má ṣe pẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ máa wà ní kọ́nà náà, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Akin àti gbogbo ẹbí. Katapílà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.